Òjò Àkọ́rọ̀ ní Èkìtì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Gbígbin Ẹ̀fọ́ àti Òdòdó sí Ẹ̀yìnkùlé

Láti ìgbà tí mo ti ń ro ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Adó-Èkìtì, àwọn ìbéèrè kan náà ni àwọn aládùúgbò àti àwọn ìbátan máa ń gbé tọ̀ mí wá nígbàkúùgbà tí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Mo kó wọn jọ síhìn-ín pẹ̀lú ìdáhùn tí ó bá ilẹ̀ tiwa mu, nítorí pé ohun tí ó yẹ ilẹ̀ Kánò tàbí ti Lọ́ńdọ̀nù kò fi dandan yẹ ilẹ̀ Èkìtì.

Ìgbà wo gan-an ni àkókò gbígbìn bẹ̀rẹ̀ ní Èkìtì?

Òjò, tí àwa Èkìtì ń pè ní eji, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ìyẹn oṣù kẹta, ó sì máa ń fìdí múlẹ̀ nínú oṣù Igbe, ìyẹn oṣù kẹrin. Ní ìhà gúúsù, bíi Ìkéré, Ìṣẹ̀ àti Ẹmùré, níbi tí igbó ti dí, ó máa ń tètè dúró dáadáa ju ìhà Ìkòlé àti Òmùò lọ, níbi tí ilẹ̀ ti ń di ọ̀dàn. Yóò máa rọ̀ títí di oṣù Agẹmọ, tí í ṣe oṣù keje. Yóò sinmi díẹ̀ nínú oṣù Ògún, tí í ṣe oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn náà ni yóò tún padà, tí yóò sì lọ títí di ìparí oṣù kẹwàá. Àkọ́rọ̀ ni a ń pe òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àrọ̀kúrò ni a sì ń pe ti ìparí. Ti àkọ́rọ̀ ni mo ń sọ níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọgbà kì í dúró de òjò. Ẹni tí ó bá fẹ́ já ata rodo láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nínú oṣù Agẹmọ gbọ́dọ̀ ti fún irúgbìn rẹ̀ sínú ike láti oṣù Èrèlé, ìyẹn oṣù kejì, kí ó sì máa bomi rin ín lábẹ́ ibòji. Kí òjò tó dé náà ni a ti ń ṣán ilẹ̀, tí a ń kó ìgbẹ́ adìẹ jọ kí ó jẹrà, tí a sì ń tún ọgbà tí ewúrẹ́ wó ní ọdún tí ó kọjá ṣe.

Òjò ńlá kan rọ̀ lánàá. Ṣé kí n fún irúgbìn lónìí?

Ẹ dákun, ẹ mú sùúrù. Èyí ni àṣìṣe tí mo rí jù lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èmi náà sì ti ṣe é rí. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọgbà, òjò kan dé ní ìparí oṣù Èrèlé pẹ̀lú ìjì tí ó ṣí páànù orí ilé ìdáná aládùúgbò wa. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo fún gbogbo tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí mo ní nínú ilé, láì fi ẹyọ kan pamọ́. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n ti hù, ilẹ̀ sì tutù bí ẹni fi ẹní tẹ́ ẹ. Mo pe màmá mi wá wò ó. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n ní, "Eruku ni òjò ìyẹn wá fọ̀." Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí òmíràn tó rọ̀, kí ó sì tó rọ̀, oòrùn ti sun gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Òjò àkọ́kọ́ máa ń bá ìjì wá, ó máa ń rọ̀ kíkan fún ìgbà díẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn ti yan gbẹ bí àwo amọ̀. Nítorí náà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi náà ni àgbàrá ń gbé lọ, díẹ̀ ló ń wọnú ilẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lè tẹ̀ lé e, ní àkókò tí oòrùn mú jù nínú ọdún. Irúgbìn tí kò tíì hù lè fara dà á. Èyí tí ó ti hù, tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì ju ìka kan lọ, kò lè yè é.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti ṣe tán, ẹ fi àdá gbẹ́ ihò tí ó jìn tó ọwọ́ kan láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ ihò náà, ẹ fún un mọ́ inú àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá ń dà sílẹ̀ bíi gààrí, ilẹ̀ kò tíì mu omi. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ bí ẹ̀bà tí kò jiná, omi ti pọ̀ jù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, nítorí pé bí a bá ro ilẹ̀ ní irú ipò yẹn, yóò dì nígbà tí ó bá gbẹ. Bí ó bá dúró ní ìṣù, ṣùgbọ́n tí ó fọ́ nígbà tí ẹ fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ẹ lè gbé irúgbìn jáde. Ìwọ̀n tí èmi ń lò ni òjò gidi mẹ́ta tí àárín wọn kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹni tí ó ní kànga tàbí bóhóòlù, tí kò sì ní rẹ̀ láti bomi rin ín ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, lè ṣíwájú wa, kò sì ní jẹ̀bi.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe fún gbogbo irúgbìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ méjì-méjì sáàárín. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú ti àkọ́kọ́, ìdá méjì ṣì wà. Bí kò bá sì mú un, ẹ̀fọ́ tuntun yóò máa tẹ̀ lé ara wọn dípò kí ẹ ní òkìtì ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ kan tí ẹ ó máa bẹ àwọn ará ilé kejì kí wọ́n gbà.

Ọmọ mi tí ó wà ní Kánádà fi irúgbìn ránṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sára àpò rẹ̀ pé kí a gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé. Ìgbà wo ni ìyẹn níhìn-ín?

Lórí kàlẹ́ńdà, ìgbà ìrúwé tiwọn ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù kẹta, ó sì ṣe kòńgẹ́ àkọ́rọ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń dúró dè kọ́ ni àwa ń dúró dè. Lọ́hùn-ún, òtútù ni ọ̀tá wọn: ilẹ̀ ti dì, wọ́n sì ń retí kí ó yọ́, kí ó sì móoru díẹ̀. Níhìn-ín, ooru kò wọ́n wa rí. Omi ni à ń retí. Nítorí náà, àwọn ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń kọ́kọ́ gbìn, bíi létúùsì, green peas àti radish, jẹ́ àwọn tí ó fẹ́ràn òtútù, oṣù Ẹrẹ́nà wa yóò sì jẹ́ ìyà fún wọn. Létúùsì kì í fẹ́ hù bí ilẹ̀ bá gbóná jù. Èyí tí ó bá gbìyànjú láti hù yóò sáré ga, yóò yọ òdòdó, ewé rẹ̀ yóò sì korò. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fi í sí ìgbà ọyẹ́, ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, bí omi bá wà. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì tí a ń rà ní Ọjà Ọba ní Adó ń ti Jọ́ọ̀sì àti ìhà àríwá wá.

Ní ti òdòdó, tulip àti daffodil gbọ́dọ̀ lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nínú òtútù líle kí wọ́n tó lè tanná. Ẹ má ṣe fi ilẹ̀ yín ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ zinnia, marigold tàbí sunflower ni ó wà nínú àpò náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yín, nítorí pé oòrùn wa wù wọ́n. Kí ó tó tún fi òmíràn ránṣẹ́, ẹ sọ fún un pé òfin béèrè ìwé ẹ̀rí pé irúgbìn kò ní àrùn kí a tó kó o wọ orílẹ̀-èdè yìí.

Ẹ̀yìnkùlé wa kún fún òkúta wẹ́wẹ́, ó sì wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ṣé nǹkan lè hù níbẹ̀?

Bí òkúta bá ń dí ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́ ni, a kò bá tí máa rí iyán jẹ ní Èkìtì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ní í sọ pé láti ara òkìtì ni orúkọ wa ti wá, ẹni tí ó bá sì ti dúró lábẹ́ Olósùnta ní Ìkéré, tàbí tí ó wo àwọn òkè tí ó yí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ká, kò ní bá wọn jiyàn. Ilẹ̀ tí ó wá láti ara irú àpáta bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ nínú. Omi máa ń tètè gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀rá inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Èyí já sí pé oúnjẹ ni ilẹ̀ náà ń fẹ́, kì í ṣe pé ó burú.

Ẹ ṣa àwọn òkúta tí ó tóbi ju ẹyin adìẹ lọ kúrò, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu lórí àwọn kéékèèké. Bí ilé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ẹ ṣọ́ra fún ibi tí àwọn bíríkìlà ti po síméǹtì. Ẹ hú gbogbo èyí tí ó ti dì kúrò, kí ẹ sì kó yẹ̀pẹ̀ mìíràn síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọkọ́ tú ilẹ̀ dé ìwọ̀n nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ sì kọ ebè pẹlẹbẹ tí kò fẹ̀ ju mítà kan lọ, kí ọwọ́ lè kan àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ebè náà dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ó má ṣe dojú kọ ìsàlẹ̀. Mo ti rí ebè tí a kọ láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀ tí òjò kan ṣoṣo gbá gbogbo irúgbìn rẹ̀ lọ sí ojú gọ́tà, tí tẹ̀tẹ̀ sì ń hù lẹ́bàá títì fún ẹni tí kò gbìn ín. Àwọn òkúta tí ẹ ti ṣà, ẹ tò wọ́n sí etí ìsàlẹ̀ ebè. Wọn yóò dá yẹ̀pẹ̀ dúró ju pákó lọ, ikán kò sì ní jẹ wọ́n.

Koríko tí ẹ bá ṣán, ẹ má ṣe sun ún. Ẹ kó o jọ sí igun kan kí ó jẹrà.

Ìgbẹ́ adìẹ ńkọ́? Wọ́n ní ó máa ń jó ẹ̀fọ́.

Tútù rẹ̀ ni ó ń jó o. Ẹ kó o jọ, ẹ pò ó mọ́ koríko gbígbẹ tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ bò ó, kí ẹ sì máa yí i padà lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, tí kò bá gbóná mọ́, tí òórùn rẹ̀ sì ti dà bíi ti ilẹ̀ ààtàn, ẹ pò ó mọ́ yẹ̀pẹ̀ ebè ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú gbígbìn.

Eérú dára pẹ̀lú, pàápàá eérú èèpo kòkó, èyí tí kò wọ́n ní àgbègbè wa tí àgbẹ̀ kòkó ti pọ̀. Ó máa ń fún ilẹ̀ ní èròjà tí ń jẹ́ potassium, ó sì máa ń dín kíkan inú ilẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni oògùn: ẹ̀kúnwọ́ méjì tàbí mẹ́ta fún mítà kan níbùú lóròó tó. Ẹ má sì ṣe da eérú pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tútù, nítorí pé òórùn tí yóò máa ta yín nímú ni èròjà tí ó yẹ kí ẹ̀fọ́ jẹ, tí ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ohun mìíràn tí a ń fojú fò ni igi kékeré olódòdó ofeefee tí ń jẹ́ tithonia, tí ewé rẹ̀ korò, tí ó kún ẹ̀bá títì láti Adó títí dé Ọ̀yẹ́. Ọ̀tá oko ni gbogbo ènìyàn kà á sí. Bí a bá ṣán ewé rẹ̀ tútù kí ó tó so, tí a kó o sábẹ́ yẹ̀pẹ̀, kíá ni ó ń jẹrà, ilẹ̀ a sì sanra. Ọ̀fẹ́ ni.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ gbìn?

Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ilá. Wọ́n yára, wọn kò béèrè owó, wọ́n sì ń fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìgboyà.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré débi pé ẹ̀kúnwọ́ kan lè kún ẹ̀yìnkùlé. Ẹ po ìwọ̀n ṣíbí ìmutíì kan mọ́ agolo mílíìkì yanrìn gbígbẹ kan, kí ẹ tó fún un káàkiri, kí ó má baà hù ní pípọ̀jù lójú kan. Ẹ fi ewé ọ̀pẹ tàbí ràkì rá ojú ilẹ̀ díẹ̀. Ẹ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ bí àgbàdo. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni yóò hù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, ẹ lè máa fa àwọn tí ó fún ara wọn jẹ, kí àwọn tí ó kù lè fẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ga tó orúnkún, ẹ gé wọn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 sí ilẹ̀, wọn yóò sì tún rú. Bákan náà ni ṣọkọ, àfi pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀ ju tẹ̀tẹ̀ lọ.

Ilá ní tirẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ẹ gbin ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta sínú ihò kan, kí ẹ sì jẹ́ kí àárín ihò kan sí èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Nígbà tí wọ́n bá yọ ewé mẹ́ta, ẹ fa èyí tí kò lágbára. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọjọ́ 50 sí 60, láti ọjọ́ náà lọ, ẹ gbọ́dọ̀ máa já a lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ méjì-méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò kó, igi rẹ̀ yóò sì rò pé iṣẹ́ òun ti parí.

Ewédú mi kì í hù dáadáa. Irúgbìn tí mo rà ni kò dára ni àbí?

Ó lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èèpo irúgbìn ewédú le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ inú omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ẹ̀wá, kí ẹ fà á yọ, kí ẹ sì rì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ síbòji kí ara rẹ̀ gbẹ, ẹ fún un ní ọjọ́ náà. Ẹ má ṣe gbé e kalẹ̀ sínú omi gbígbóná lọ dá ẹnikẹ́ni lóhùn ní ìta. Màmá mi ti fi ọ̀nà yẹn se irúgbìn ọdún kan jinná.

Mo fẹ́ gbin tòmátì àti ata. Ṣé àkọ́rọ̀ ni ó dára jù fún wọn?

Fún ata, bẹ́ẹ̀ ni. Fún tòmátì, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: èmi kì í gbìn ju ìdí mẹ́fà lọ ní àkọ́rọ̀.

Ata rodo, ṣọ̀ǹbọ̀ àti tàtàṣé ni a ń kọ́kọ́ fún sínú ike tàbí àpótí tí a lu ihò sí nídìí, tí a bu yẹ̀pẹ̀ tí ó lọ́ràá sí. Wọ́n máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí wọ́n tó hù, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti da ike wọn nù ní ọjọ́ kẹjọ nítorí àìnísùúrù. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ní ewé bíi mẹ́fà, ẹ ṣí wọn lọ sínú ebè, kí ẹ jẹ́ kí àárín wọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí méjì. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀, ẹ máa gbé ike náà sínú oòrùn díẹ̀díẹ̀, kí ó lè mọ́ wọn lára. Ìrọ̀lẹ́ tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú ni kí ẹ ṣí wọn. Ẹni tí ó bá ṣí ata ní agogo 12 ọ̀sán, ó fẹ́ rí i kí ó dọ̀bálẹ̀ ni.

Ìṣòro tòmátì ni pé bí òjò ṣe ń pọ̀ sí i ni àrùn ń pọ̀ sí i lára rẹ̀. Omi tí ó ń ta yẹ̀pẹ̀ sókè ń mú kí ewé ìsàlẹ̀ ní àmì dúdú, èso rẹ̀ a sì máa jẹrà lórí igi. Àwọn tí ó gbìn ín ní àrọ̀kúrò sábà máa ń rí i jẹ ju àwọn tí ó gbìn ín ní àkọ́rọ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ gbìn ín, ẹ fi igi tì í, ẹ gé ewé tí ó bá kan ilẹ̀, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí ẹ sì máa bu omi sí ìdí, kì í ṣe sórí.

Àrùn kan wà tí ó burú ju ìyẹn lọ. Igi tòmátì tí ó tutù yọ̀yọ̀ ní àárọ̀ yóò rọ ní ọ̀sán bí ẹni pé omi kò sí, bẹ́ẹ̀ omi sì wà nídìí rẹ̀. Ẹ gé igi náà ní ìdí, kí ẹ fi ojú ibi tí ẹ gé bọ inú ife omi tí ó mọ́. Bí ẹ bá rí i tí nǹkan funfun bí omi ògì ń ṣàn jáde lára rẹ̀, àrùn inú ilẹ̀ ni, kò sì ní oògùn. Ẹ hú u tòun ti gbòǹgbò, ẹ gbé e jìnnà sí ọgbà, kí ẹ má sì ṣe gbin tòmátì, ata, ikàn tàbí òdú síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, nítorí pé ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ fi ilá tàbí àgbàdo sí i.

Àwọn ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ wa ńkọ́, bí òdú, wòròwó àti ewúro?

Òdú kì í ṣe àìmọ̀ olóko, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ó ti ń di àìmọ̀ ọmọ olóko. A lè fún un bíi tẹ̀tẹ̀, tàbí kí a tọ́ ọ nínú ike kí a sì ṣí i. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ ààtàn. Wòròwó ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé abẹ́ ibòji ni ó ti ń ṣe dáadáa, abẹ́ kòkó ni a sì ti mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, abẹ́ igi máńgòrò tàbí ẹ̀yìn ilé tí oòrùn kì í dé, tí ẹ rò pé kò wúlò, tirẹ̀ ni. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ ilẹ̀, ó tán. Gbúre náà rí bẹ́ẹ̀, kódà ó rọrùn débi pé ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í tu ú bí èpò. Ewúro ń fẹ́ ẹ̀ka tí ó ti gbó díẹ̀, tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, tí a tẹ̀ sínú ilẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀.

Ugu yàtọ̀. Irúgbìn rẹ̀ kì í fara da gbígbẹ. Bí a bá sá a sóòrùn bí ẹ̀gúsí, ó ti kú nìyẹn. Ẹ ra odindi èso rẹ̀, ẹ là á nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣe tán, ẹ fi irúgbìn náà sí afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ kan, kí ẹ sì gbìn ín.

Òdòdó wo ni ó yẹ kí n gbìn ní àkókò yìí?

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fi ìdí ṣọkọ mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀ láìgé. Yóò yọ ṣírí òdòdó funfun tí ó ní àwọ̀ osùn díẹ̀, tí ó rẹwà ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì lọ. Ìdò ń fẹ́ ibi tí omi wà. Ẹ gé iṣu abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ẹ gbìn ín sí ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà lọ. Tannápoṣó, tí ó ń là ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn yòókù bá ń pa ojú dé, ń hù láti ara irúgbìn rẹ̀ dúdú tí ó dà bí iyèré. Bí ẹ bá gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní kúrò nílé yín mọ́.

Hibiscus àti ixora ni kí ẹ gbìn láti ara ẹ̀ka. Ẹ gé ẹ̀ka tí ó nípọn tó pẹ́ńsù, tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú yẹ̀pẹ̀ tútù lábẹ́ ibòji títí yóò fi yọ ewé tuntun. Bougainvillea náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe bínú sí i bí kò bá tanná nígbà òjò, nítorí pé nígbà tí omi bá wọ́n ni ó ń ṣe ọ̀ṣọ́ rẹ̀.

Marigold ni mo máa ń fi sáàárín ẹ̀fọ́. Kòkòrò tín-ínrín kan wà nínú ilẹ̀ tí ó ń mú kí gbòǹgbò ṣọkọ, ilá àti tòmátì ta kókó bí ìlẹ̀kẹ̀, tí igi a sì ràn. Gbòǹgbò marigold máa ń dín àwọn kòkòrò náà kù bí a bá gbìn ín pọ̀ lójú kan fún oṣù bíi mẹ́ta.

Òjò ti dáwọ́ dúró láti ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ̀fọ́ mi sì ti hù. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ bomi rin ín ní kùtùkùtù, lítà márùn-ún sí mẹ́fà fún mítà kan níbùú lóròó, láti inú agolo tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí nídìí. Ẹ fi koríko gbígbẹ tẹ́ àárín ẹ̀fọ́. Omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́ tàbí ìrẹsì kì í ṣe ohun dídànù ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ewúrẹ́, adìẹ àti kòkòrò kò jẹ́ kí n jèrè. Kí ni ọ̀nà àbáyọ?

Fún ewúrẹ́ àti adìẹ, ọgbà nìkan ni. Ọparun tí a là, tí a kàn mọ́ ara wọn, ń tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nẹ́ẹ̀tì yára ju ìyẹn. Ìjà pẹ̀lú aládùúgbò kì í dáàbò bo tẹ̀tẹ̀.

Èèrà máa ń kó irúgbìn tẹ̀tẹ̀ lọ kí ó tó hù. Ẹ wọ́n eérú yí ebè ká. Àwọn tata, tí wọ́n máa ń pọ̀ ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi ọwọ́ mú wọn ní òwúrọ̀ nígbà tí ìrì kò tíì jẹ́ kí wọ́n lè fò. Fún àwọn kòkòrò tí ń lu ewé ní ihò, ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fín in ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ohun kan tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ṣe ni kí ẹ bu oògùn kòkó tí ó kù nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá yín fín ẹ̀fọ́. Oògùn tí a ṣe fún igi tí èso rẹ̀ ní èèpo líle kì í ṣe fún ewé tí a ó já lọ́la, tí a ó sì fi jẹ iyán lọ́túnla.

Yàrá ni a yá, a kò ní ilẹ̀. Ṣé a lè gbin nǹkan?

Àpò ìrẹsì tàbí ike ọ̀dà àtijọ́ tí a fọ̀ dáadáa, tí a lu ihò sí nídìí, tó fún ata kan tàbí ilá méjì. Ẹ po yẹ̀pẹ̀ ìdá méjì mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà ìdá kan. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń tàn fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, kí ẹ sì rántí pé inú àpò ń gbẹ ju ilẹ̀ lọ, àní nígbà òjò pàápàá.

Níbo ni kí n ti rí irúgbìn tí ó dára?

Àwọn ìyá tí ń ta irúgbìn lọ́jà máa ń ní ti tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ilá, ẹ kàn béèrè pé ti ọdún wo ni. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹ̀fọ́ àti èso tí ń jẹ́ NIHORT, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975, jẹ́ ibi mìíràn tí a lè béèrè sí. Mo ti ra páálí irúgbìn aláwòrán mèremère rí lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ẹyọ kan kò hù nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń ka ẹyọ mẹ́wàá sórí aṣọ tútù nínú àwo kí n tó gbìn. Bí méje bá hù, ó dára. Bí kò bá tó márùn-ún, mo máa ń fún un ní ìlọ́po méjì, tàbí kí n wá òmíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú tiyín sílẹ̀ fún ọdún tí ń bọ̀, ìdí tí ó lágbára jù ni kí ẹ dá sí, kì í ṣe èyí tí a kò rí jẹ. Ẹ jẹ́ kí ilá gbẹ lórí igi títí yóò fi máa ró bí ẹ bá mì í. Ẹ gé ṣírí tẹ̀tẹ̀ nígbà tí ó bá ń wó sí ọwọ́, ẹ lù ú sórí aṣọ, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ sá a síbòji fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ dà á sínú ìgò tí ó gbẹ pẹ̀lú eérú díẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ àti ọdún sí i lára, nítorí pé tí ó bá di oṣù Ẹrẹ́nà, irúgbìn tẹ̀tẹ̀ àti ti ṣọkọ, dúdú bákan náà ni.